Leslie Harvey

Leslie Harvey (13 Oṣù Kẹsàn-án 1944 – 3 Oṣù Karùn-ún 1972) jẹ́ atagìtá ọmọ orílẹ̀-èdè Skọ́tlándì, ó sì wà lára àwọn tó dá ẹgbẹ́ olórin Stone the Crows sílẹ̀. Iná mànàmáná ló pa á lórí ìtàgé nígbà tó fọwọ́ kan gbohùngbohùn kan tí a kò fi wáyà so mọ́ ilẹ̀.

Ìbẹ̀rẹ̀ ayé àti iṣẹ́ orin
Àdúgbò Govan ní ìlú Glasgow ni wọ́n ti bí i. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni Alex Harvey, gbajúmọ̀ akọrin, inú ẹgbẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yìí sì ni Leslie ti ta gìtá nígbà èwe rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó dara pọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ Blues Council, ṣùgbọ́n jàǹbá ọkọ̀ pa méjì nínú wọn ní ọdún 1965. Ní ìparí àwọn ọdún 1960, òun àti Maggie Bell, akọrin obìnrin, dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀. Power ni wọ́n kọ́kọ́ ń pè é kí orúkọ rẹ̀ tó di Stone the Crows. Wọ́n gbé àwo orin méjì jáde ní ọdún 1970, Teenage Licks sì tẹ̀ lé wọn ní 1971.

Ikú rẹ̀
Ní 3 Oṣù Karùn-ún 1972, ẹgbẹ́ náà wà lórí ìtàgé ní gbọ̀ngàn Top Rank ní ìlú Swansea, ní Wales. Bí Harvey ti fọwọ́ kan gbohùngbohùn ni iná gbé e, ó sì kú ní ẹni ọdún 27. Jimmy McCulloch ló rọ́pò rẹ̀. Ẹgbẹ́ náà túká ní ọdún 1973.

Bí irú ewu yìí ṣe ń wáyé
Okùn irin gìtá oníná máa ń ní ìsopọ̀ pẹ̀lú àpótí irin ańpílífáyà, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń mú ohùn ròkè. Ẹ̀rọ mìíràn ni gbohùngbohùn sábà máa ń so mọ́. Bí wáyà iná bá bó, tó sì kan irin ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀rọ méjèèjì tí kò ní wáyà ilẹ̀, iná yóò wà lára irin náà láìsí àmì kankan. Ẹni tó bá di gìtá mú, tó sì fọwọ́ kejì kan gbohùngbohùn, ti sọ ara rẹ̀ di ọ̀nà tí iná yóò gbà kọjá, àyà àti ọkàn sì wà lójú ọ̀nà náà. Omi tàbí òógùn ọwọ́ a máa mú kí ewu náà pọ̀ sí i. Ṣùgbọ́n bí wáyà ilẹ̀ bá wà, inú rẹ̀ ni iná tó ṣìnà yóò gbà lọ. Fíúùsì yóò jó, iná yóò sì kúrò lára irin náà.

Nítorí náà, ẹni tó bá ń fọwọ́ ara rẹ̀ kan ańpílífáyà gbọ́dọ̀ fi bóòtù de wáyà ilẹ̀ mọ́ àpótí irin rẹ̀ pinpin. Nígbà mìíràn ẹ̀rọ a máa kùn, àwọn kan a sì gé wáyà ilẹ̀ kí ìkùn náà lè dá. Ìkùn náà lè dá lóòótọ́, ṣùgbọ́n ààbò ti lọ pẹ̀lú rẹ̀.