JAJA ỌBA OPOBO ÀTI WÁYÀ ABẸ́ ÒKUN

Jaja ọba Opobo ló kàn lójú-ìwé ìtàn lọ́sẹ̀ yìí. Mo mọ̀ pé àwọn kan á ní àwọn ti mọ̀ ọ́n tán ní kíláàsì: ó ta epo, ó bá òyìnbó fa wàhálà, wọ́n gbé e lọ. Òótọ́ ni. Àmọ́ wáyà kan wà nínú ọ̀rọ̀ yẹn tí a kì í sábà dárúkọ.

Ilẹ̀ Ìgbò ni wọ́n bí Jaja sí, ní Amaigbo, ní nǹkan bí ọdún 1821. Ọmọdé ni nígbà tí wọ́n tà á lẹ́rú sí Bonny. Nígbà náà, ẹrú tó bá mọ òwò ṣe ní Bonny lè di olówó, ó tiẹ̀ lè di olórí ilé. Jaja mọ òwò. Lọ́dún 1863, wọ́n fi í ṣe olórí ilé Anna Pepple, ilé tí gbèsè ti bò mọ́lẹ̀, kò sì pẹ́ tó fi san gbèsè náà tán. Nígbà tí ìjà bẹ́ sílẹ̀ láàárín ilé rẹ̀ àti ilé Manilla Pepple lọ́dún 1869, ó kó àwọn èèyàn rẹ̀, ó lọ tẹ ìlú tirẹ̀ dó síbi tó ti lè ṣọ́ ọ̀nà odò tí epo pupa ń gbà bọ̀ láti òkè. Opobo nìyẹn. Bonny pariwo títí, epo ò gba ọ̀dọ̀ wọn mọ́.

Kì í ṣe ọ̀tá òyìnbó o. Ó rán ọmọ ogun lọ ràn wọ́n lọ́wọ́ nígbà ogun Ashanti, Ọbabìnrin Victoria sì fi idà ta á lọ́rẹ lọ́dún 1875. Kò gba àwọn míṣọ́nnárì láyè ní Opobo, síbẹ̀ ó dá ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀. Emma White, obìnrin aláwọ̀ dúdú kan tó wá láti Amẹ́ríkà, ló ń kọ́ àwọn ọmọ níbẹ̀, òun náà ló sì ń bá ọba kọ lẹ́tà.

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ lẹ́tà, torí Jaja mọ iyì ìwé. Lọ́dún 1884, Kọ́ńsúlù Hewett gbé ìwé àdéhùn wá pé kí ó wá sábẹ́ ààbò Ọbabìnrin. Ọ̀pọ̀ ọba ló kàn fọwọ́ sí i. Jaja béèrè ná: kí ni wọ́n ń pè ní ààbò? Hewett kọ̀wé dá a lóhùn pé Ọbabìnrin ò fẹ́ gba ilẹ̀ rẹ̀ tàbí ọjà rẹ̀, òun kàn ò fẹ́ kí ìjọba mìíràn gbà á ni. Jaja tọ́jú lẹ́tà yẹn. Ó tún ní kí wọ́n yọ ibi tó fún òyìnbó láyè láti máa ṣòwò níbikíbi kúrò. Wọ́n yọ ọ́, kó tó fọwọ́ sí i.

Lọ́dún yẹn kan náà, àwọn ìjọba kan pàdé ní Paris, wọ́n fẹnu kò pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ mọ̀ọ́mọ̀ gé wáyà tó gba abẹ́ òkun kọjá, àfi tí ogun bá dé. Kò sí ọba etíkun wa kankan níbi ìpàdé náà, bẹ́ẹ̀ ọ̀dọ̀ wọn ni wáyà ń bọ̀.

Ó dé lọ́dún 1886. Ilé-iṣẹ́ African Direct Telegraph Company nà án gba Bathurst, Freetown, Accra àti Èkó, títí dé Brass àti Bonny. Bàbà ló wà nínú rẹ̀. Wọ́n fi oje igi kan tó dà bíi rọ́bà bò ó kí omi má bàa wọlé, wọ́n wá fi wáyà irin yí i ká. Nígbà tí rélùwéè fi máa gba Ẹdẹ kọjá dé Òṣogbo lọ́dún 1907, wáyà abẹ́ omi yẹn ti lé ní ogún ọdún.

Tẹ́lẹ̀, bí kọ́ńsúlù bá fẹ́ gba àṣẹ láti London, lẹ́tà ni, ọkọ̀ ojú omi ló sì máa gbé e. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan ní àlọ, ọ̀sẹ̀ mélòó kan ní àbọ̀. Ọba tó bá gbọ́n á ti kọ lẹ́tà tirẹ̀ sínú ọkọ̀ kan náà. Wáyà pa àyè yẹn rẹ́. Nǹkan mìíràn tún ni pé iye ọ̀rọ̀ ni wọ́n fi ń gba owó, owó náà sì wọ́n, torí náà ṣókí ni wọ́n máa ń kọ ọ́. Ẹ fi ọ̀rọ̀ ṣókí yẹn sọ́kàn.

Lọ́dún 1887, àwọn oníṣòwò Liverpool fẹ́ wọ inú ìgbèríko lọ ra epo fúnra wọn, Jaja ò gbà. Ẹni tó ń delé fún kọ́ńsúlù nígbà yẹn ni Harry Johnston, ọmọ ọdún 29. Ó ní kí àwọn oníṣòwò má san owó orí ọjà fún Jaja mọ́. Jaja rán àwọn ìjòyè lọ sí London láti lọ rojọ́, ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n wọ̀. Johnston tẹ wáyà, ó ń tọrọ àyè láti gbé ọba kúrò nílùú. Èsì tó gbà sọ pé wọ́n fọwọ́ sí ohun tó ṣe lórí ọ̀rọ̀ Jaja. Ohun tó ti ṣe, èyí tí wọ́n kà nínú àwọn lẹ́tà rẹ̀ àtẹ̀yìnwá, ni London ń dáhùn. Johnston kà á sí ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ ṣe. Bóyá kò yé e ni, bóyá ó yé e dáadáa, èmi ò lè búra. Lójú tèmi, ẹni tó bá ń wá àyè kì í tún béèrè lẹ́ẹ̀kejì.

Ní oṣù Kẹsàn-án, ó pe Jaja sínú ọkọ̀ ogun Goshawk, ó kọ ọ́ sínú ìwé pé kò sí ohun tó máa ṣe é. Jaja, ẹni tó gba ìwé Hewett gbọ́, gba èyí náà gbọ́. Ìgbà tó wọlé ni Johnston sọ fún un pé kó yan ọ̀kan: kó lọ jẹ́jọ́ ní Accra, tàbí kí wọ́n yìnbọn sí ìlú rẹ̀. Ó lọ.

Ọ̀gá ológun ojú omi kan ló dájọ́ náà. Wọ́n lé e lọ sí erékùṣù St Vincent, lápá kejì òkun, wọ́n ní kí wọ́n máa fún un ní £800 lọ́dún. Salisbury, olórí ìjọba ní London, wo ọ̀nà tí wọ́n gbà mú un, ó ní níbòmíràn, ìjínigbé ni wọ́n á pè é. Àmọ́ kò ní kí wọ́n dá a padà.

Ọdún 1891 ni wọ́n tó gbà kó máa bọ̀ wálé. Ó ti darúgbó, ara rẹ̀ ò yá. Kò ju Tenerife lọ tó fi kú, ní oṣù Keje ọdún náà. Àwọn èèyàn rẹ̀ ò gbà kó sùn síbẹ̀. Wọ́n lọ gbé òkú rẹ̀ wá sí Opobo, wọ́n sin ín bí ọba.