Clusius, Olùtọ́jú Iṣu Túlíìpù

Ní Libreville tí a wà yìí, a mọ òjò, a sì mọ ẹ̀ẹ̀rùn, ṣùgbọ́n òtútù tí ń sọ omi di yìnyín kò mọ ọ̀nà ibí. Nítorí náà ni òdòdó túlíìpù kì í fi í gbé inú ọgbà wa. Iṣu kékeré kan tí ó jọ àlùbọ́sà ni ó ní lábẹ́ ilẹ̀. Bí iṣu náà kò bá sì sùn nínú òtútù fún bí oṣù mẹ́ta, kì í lè tanná bí ó ti yẹ. Ẹni tí ó tan òdòdó yìí kálẹ̀ jù lọ ní Yúróòpù ni Charles de l'Écluse, tí àwọn ọ̀mọ̀wé ń pè ní Clusius.

Ní 1526 ni a bí i ní ìlú Arras, tí ó wà ní ilẹ̀ Faransé nísinsìnyí. Òfin ni ó kọ́kọ́ kọ́, ṣùgbọ́n nígbà tí ó dé Montpellier, ìmọ̀ ewéko gba ọkàn rẹ̀ pátápátá.

Ó kọ ìtàn kan sílẹ̀ tí ó dùn ún. Ní nǹkan bí 1562, oníṣòwò kan ní Antwerp rí iṣu túlíìpù láàárín ìdì aṣọ tí ó ti Constantinople wá. Ó ṣe bí àlùbọ́sà ni. Ó sun díẹ̀ nínú wọn, ó fi òróró àti ọtí kíkan jẹ ẹ́, ó sì ri ìyókù mọ́lẹ̀ láàárín kábéèjì, níbi tí púpọ̀ wọn ti kú. Ọ̀rẹ́ ewéko kan ni ó gba ìwọ̀nba tí ó kù là. Ẹni tí ó bá ti rí i kí ebi mú ará ilé jẹ ẹ̀bù tí a fẹ́ gbìn yóò mọ irú ìbànújẹ́ yìí. Síbẹ̀ èmi kò dá oníṣòwò náà lẹ́bi, nítorí Clusius pàápàá ní kí apoògùn kan fi ṣúgà se iṣu túlíìpù fún òun, ó jẹ ẹ́, ó sì gbádùn rẹ̀!

Ní 1573, Olú-ọba Maximilian Kejì pè é sí Vienna láti dá ọgbà sílẹ̀. Níbẹ̀ ni Busbecq, tí ó ti ṣe ikọ̀ ní ilẹ̀ Tọ́kì, ti fún un ní èso àti iṣu túlíìpù. Maximilian kú ní 1576. Ọmọ rẹ̀ Rudolf kò náání ọgbà, ó sì yọ Clusius lẹ́nu iṣẹ́.

Ìtọ́jú iṣu náà gba sùúrù. Bí ewé rẹ̀ bá ti pọ́n, a ó hú u, a ó sá a síbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́, gẹ́gẹ́ bí àwọn baba wa ti ń so iṣu rọ̀ nínú àká. Bí ọ̀rinrin bá kàn án, yóò jẹrà. Kí òtútù tó dé ni a ó tún gbìn ín. Ẹni tí ó bá fẹ́ dán an wò ní ilẹ̀ ooru, inú ẹ̀rọ amómitutù ni yóò kọ́kọ́ tọ́jú rẹ̀ sí.

Ẹni ọdún mẹ́tàdínláàádọ́rin ni Clusius nígbà tí ó dé Leiden ní 1593. Ọ̀pá ni ó fi ń rìn. Ní 1594, túlíìpù rẹ̀ tanná. Ó máa ń fi iṣu ránṣẹ́ sí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, síbẹ̀ àwọn olè wọ ọgbà rẹ̀, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan.

Ó kú ní 1609. Nígbà tí ó fi di 1637, àwọn kan ń ra iṣu túlíìpù kan ṣoṣo ní owó ilé, kí iye rẹ̀ tó wó lulẹ̀ ní oṣù Fẹ́búárì ọdún náà. Ní Leiden, wọ́n ti tún ọgbà Clusius ṣe gẹ́gẹ́ bí àkọsílẹ̀ ewéko ti 1594, a sì lè wọ ibẹ̀ lónìí.