Metchnikoff àti Ogun Inú Ẹ̀jẹ̀
Bí ẹ̀gún bá gún ọmọdé ní Airport Road, Sabon Gari, Kánò, ojú ibẹ̀ a pọ́n, a sì wú. Élie Metchnikoff, tí a bí ní ilẹ̀ Ukraine ní 1845, ni ó tú àṣírí rẹ̀. Ní 1882, ní Messina, ó fi ẹ̀gún gún ọmọ ẹranko òkun kan. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, sẹ́ẹ̀lì ti rọ̀gbà yí ẹ̀gún ká. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀ ń gbé kòkòrò àrùn mì. Àwọn oníṣègùn kan takò ó, kò yẹsẹ̀. Ó gba Ẹ̀bùn Nobel ní 1908, ó sì kú ní 1916. Sẹ́ẹ̀lì kan a jà, òmíràn a pẹ̀tù síjà, kí ara tó sàn.