ÀṢÀRÒ ÒWÚRỌ̀: Ẹṣin Kan Ni Wọ́n Fi Pààrọ̀ Àjàyí

Kíkà: Lúùkù 6:27–36

 

Kí ẹ tó ṣí àwọn iṣẹ́ tó kù tí wọ́n fi ránṣẹ́ sórí fóònù yín, ẹ fún mi ní ìṣẹ́jú díẹ̀. Mo mọ ohun tó wà níbẹ̀, torí ó wà lórí tèmi náà. Ẹnì kan ti fi fídíò ránṣẹ́ lálẹ́ àná. Wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé Fúlàní ló ṣe é, tàbí pé Ìgbò ni, tàbí Mùsùlùmí, tàbí àwọn ẹgbẹ́ òṣèlú tọ̀hún. Kò sẹ́ni tó béèrè bóyá òótọ́ ni. A ṣáà fọ́n ọn ká. Àwọn kan nínú wa tiẹ̀ ṣe Àmín sí i.

Ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ nípa Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther. Ẹ ti mọ̀ ọ́n láti ilé-ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi, ẹrú tó di bíṣọ́ọ̀bù. Ṣùgbọ́n a máa ń sáré kọjá ibi tó dun ọmọ náà jù.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1821, Àjàyí jẹ́ ọmọ bí ọdún 12 nílùú Òṣogùn. Oúnjẹ àárọ̀ ni wọ́n ń sè lọ́wọ́ nígbà tí ogun dé. Kì í ṣe òyìnbó ló wá kó wọn o. Àwọn Mùsùlùmí Ọ̀yọ́ ni, pẹ̀lú àwọn Fúlàní àti àwọn ẹrú tó ti sá kúrò lọ́dọ̀ olówó wọn. Bàbá rẹ̀ sáré wálé wá kìlọ̀ fún wọn, ó sì padà sójú ìjà. Wọn ò fojú kàn án mọ́ láyé. Wọ́n ki okùn bọ Àjàyí àti ìyá rẹ̀ lọ́rùn, àti àwọn àbúrò rẹ̀ obìnrin méjì, tí ọ̀kan nínú wọn ṣì ń mu ọmú. Nígbà tí wọ́n dé Ìsẹ́yìn, wọ́n fi Àjàyí pààrọ̀ ẹṣin. Ẹṣin kan, ọmọ kan.

Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti ń tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́. Ìbànújẹ́ mú un débi pé ó fẹ́ gba ẹ̀mí ara rẹ̀, Ọlọ́run ni kò gbà. Wọ́n tà á fún àwọn Potogí ní Èkó. Ní oṣù kẹrin ọdún 1822 ni ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì kan, Myrmidon, gba òun àti àwọn yòókù sílẹ̀ lójú òkun, tí wọ́n sì gbé wọn lọ sí Freetown.

Ó yá, ẹ bá mi ṣírò. Bí ẹnikẹ́ni bá ní ẹ̀tọ́ láti máa fi fídíò ránṣẹ́ nípa Fúlàní, nípa Mùsùlùmí, nípa àwọn ará Ọ̀yọ́ àti àwọn ará Èkó, ṣé kì í ṣe Àjàyí ni?

Nígbà tó wà lọ́dọ̀ọ́ ní Sierra Leone, ó kọ́kọ́ bá àwọn Mùsùlùmí jiyàn dáadáa. Ó rí i pé ṣe ni iyàn ń ti ilẹ̀kùn mọ́ òun. Ó bá fi í sílẹ̀. Láti ìgbà yẹn, bó bá dé ààfin ọba Mùsùlùmí, títí kan ti Ìlọrin, á jókòó, á gbọ́ ìbéèrè wọn, á ṣí Bíbélì fi dá wọn lóhùn, láìbú wòlíì ẹnikẹ́ni.

Ẹ má rò pé ó dákẹ́ lórí ibi o. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1851, ó dúró níwájú Ọbabìnrin Victoria ní Windsor, ó ṣàlàyé òwò ẹrú tí wọ́n ń ṣe ní Èkó. Òwò náà ló dojú kọ. (Ìbọn òyìnbó ló dún ní Èkó lóṣù tó tẹ̀lé e. Àwọn òpìtàn ṣì ń jiyàn lórí ìyẹn, n kò ní bá wọn dá sí i láàárọ̀ yìí.)

Ọmọ Yorùbá yìí kan náà ló mú ìhìn rere dé Oníṣà ní ọdún 1857. Ó fi John Christopher Taylor, tí àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ Ìgbò, síbẹ̀ láti máa bójú tó iṣẹ́ náà. Lọ́dún yẹn kan náà ni ìwé tí Crowther ṣe láti fi kọ́ ènìyàn ní kíkà ní èdè Ìgbò jáde. Ó jókòó kọ́ èdè wọn. Ẹ jọ̀ọ́, mélòó nínú wa ló lè kí aládùúgbò rẹ̀ tó jẹ́ Ìgbò ní èdè onítọ̀hún? Èmi tó ń kọ èyí, ọkùnrin kan ń ta táyà ní ìkòríta wa. Láti ìgbà ìdìbò tó kọjá, mi ò kí i mọ́. Kò ṣe mí ní nǹkan kan.

Nígbà tó darúgbó, inú ìjọ gan-an ni ìjà ti bá a. Ní ọdún 1890, àwọn ọ̀dọ́ òyìnbó míṣọ́nnárì kó ẹ̀sùn jọ sí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ní Oníṣà, wọ́n ń dá wọn dúró lẹ́nu iṣẹ́. Àwọn kan nínú wọn ṣẹ̀ lóòótọ́, bàbá náà sì máa ń fọkàn tán ènìyàn jù. Ṣùgbọ́n kò gbà pé ẹnì kan ní àṣẹ láti lé àlùfáà bẹ́ẹ̀. Ó fi ìgbìmọ̀ náà sílẹ̀, kò fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ó kú ní December 31, 1891.

Ẹ jẹ́ kí n padà sí ọdún 1846, torí ibẹ̀ ló ń dá mi dúró. Crowther ti di àlùfáà, ó dé Abẹ́òkúta. Ní oṣù kẹjọ ni ìyá rẹ̀, Àfálà, gbọ́ pé ọmọ òun wà níbẹ̀. Ọdún 25 ti kọjá. Wọ́n wo ara wọn títí, ọ̀rọ̀ ò jáde lẹ́nu wọn. Lọ́dún 1848, ìyá ṣèrìbọmi, wọ́n sọ ọ́ ní Hánà, ìyá Sámúẹ́lì. Bí ọmọ yẹn bá ti fi ìkórìíra di ẹrù padà wálé, ibo ni ì bá ti ráyè gbé ìyá rẹ̀ sí?

Fídíò alẹ́ àná ṣì wà lórí fóònù yín. Ẹ lè pa á rẹ́ báyìí, ká tó gbàdúrà.

Àdúrà: Olúwa, ọkùnrin tó ń ta táyà ní ìkòríta, Ìwọ mọ orúkọ rẹ̀. Èmi ò tiẹ̀ béèrè rí. Fún mi ní ẹnu tí màá fi kí i bí mo bá ń kọjá láàárọ̀ yìí. Ní orúkọ Jésù. Àmín.