Bobby Benson: Ọmọ Ìkòròdú tó gbé jìtá oníná wọ ìlú Èkó

Láyé ọjọ́sí, ẹni tó bá wọ mọ́tò ní Yàbá, tó ń gba ọ̀nà Ìkòròdú lọ sí ìhà Ìkẹjà, yóò kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé fàájì kan tí òkìkí rẹ̀ kàn káàkiri Èkó. Caban Bamboo ni wọ́n kọ́kọ́ ń pè é, nígbà tó yá ló di Hotel Bobby. Kì í ṣe òyìnbó ló ni ín, kì í sì í ṣe ìjọba. Olórin ló ni ín, ọmọ Ìkòròdú tó ń ta jìtá tó sì ń fọn fèrè saxophone. Bobby Benson lorúkọ tí gbogbo ayé mọ̀ ọ́n sí.

Orúkọ tí àwọn òbí rẹ̀ sọ ọ́ ni Bernard Ọlábínjọ Benson. Ọjọ́ kọkànlá oṣù kẹrin ọdún 1922 ni wọ́n bí i sí ìdílé tó lórúkọ dáadáa ní Ìkòròdú. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni Olóyè T.O.S. Benson, lọ́yà àti olóṣèlú ńlá tó di mínísítà fún ètò ìròyìn lásìkò ìjọba Balewa. Ẹni tó bá mọ bí nǹkan ṣe rí nígbà náà yóò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe kékeré. Ìdílé tó bá rán ọmọ níwèé, lọ́yà ni wọ́n ń retí, dókítà ni wọ́n ń retí, tí kò bá rí bẹ́ẹ̀, kó jẹ́ akọ̀wé ìjọba. Alágbe ni wọ́n ń pe ẹni tó bá ń kọrin jẹun. Kò sí bàbá tí yóò fi ìdùnnú sọ fún àna rẹ̀ pé jìtá lọmọ òun ń ta.

Bobby pàápàá kò tètè bá a débẹ̀. Nígbà tó kúrò níléèwé, iṣẹ́ télọ̀ ló kọ́kọ́ kọ́. Ó pa abẹ́rẹ́ tì, ó di abẹ̀ṣẹ́-kù-bí-òjò fún ìgbà díẹ̀. Ìyẹn náà kò pẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ tó fi wọ ọkọ̀ ojú omi gẹ́gẹ́ bí òṣìṣẹ́ inú ọkọ̀ akẹ́rù. Ogun Hitler ṣì ń jà lójú òkun nígbà náà, iṣẹ́ ọkọ̀ akẹ́rù sì jẹ́ iṣẹ́ tí èèyàn lè bá kú sínú alagbalúgbú omi. Lọ́dún 1944, nígbà tí ọkọ̀ gúnlẹ̀ sí London, Bobby sọ̀ kalẹ̀, kò sì padà sínú rẹ̀ mọ́.

London ló ti di òṣèré. Ó wọ ẹgbẹ́ oníjó àwọn aláwọ̀ dúdú kan, ó sì bá wọn yí ká àwọn olú ìlú mélòó kan nílẹ̀ Yúróòpù. Níbẹ̀ ló ti rí bí òṣèré ṣe ń dúró níwájú èrò, bí wọ́n ṣe ń múra, bí wọ́n ṣe ń wọlé àti bí wọ́n ṣe ń jáde. Ibẹ̀ náà ló ti pàdé aya rẹ̀, Cassandra, ẹni tí ẹ̀jẹ̀ Scotland àti ti erékùṣù Karíbíánì pàdé lára rẹ̀. Lọ́dún 1947, tọkọtaya yìí dé sí Èkó.

Kò pẹ́ tí wọ́n dé ni wọ́n dá ẹgbẹ́ òṣèré sílẹ̀, wọ́n sì fi orúkọ àwọn méjèèjì pè é. Bobby á ta jìtá, á fọn saxophone, Cassandra á máa jó. Àwọn ará Èkó kò tíì rí irú rẹ̀ rí. Ẹgbẹ́ náà ló dàgbà di Bobby Benson Jam Session Orchestra, ẹlẹ́ni mọ́kànlá. Jìtá oníná sì wà lọ́wọ́ ọ̀gá wọn. Bobby Benson ni ọ̀pọ̀ òpìtàn orin kà sí ẹni tó kọ́kọ́ gbé irú jìtá bẹ́ẹ̀ jáde fún àwọn èèyàn ilẹ̀ wa ní nǹkan bí ọdún 1948.

Lónìí, jìtá oníná ti wà ní ṣọ́ọ̀ṣì abúlé, kò sì sẹ́ni tí í yà lẹ́nu mọ́. Nígbà náà, nǹkan ìyanu ni. Jìtá tí àwọn èèyàn mọ̀ tẹ́lẹ̀, èyí tí àwọn atukọ̀ ọmọ Kúrù láti Làìbéríà gbé kiri etíkun, tí wọ́n ń fi ṣeré nídìí ẹmu, àpótí pákó oníhò ni. Inú ihò yẹn ni ohùn rẹ̀ ti ń jáde. Bí èèyàn mẹ́wàá bá jókòó yí i ká, wọn yóò gbádùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí wọ́n gbé e sáàárín trumpet, saxophone àti ìlù ńlá, ó parí. Ojú lèèyàn yóò fi mọ̀ pé onijìtá ń ṣiṣẹ́, etí kò ní í gbọ́ nǹkan kan.

Jìtá oníná kò gbójú lé ihò. Irin ni okùn rẹ̀. Lábẹ́ okùn yìí ni wọ́n de òòfà mọ́, tí wọ́n sì fi wáyà bàbà tó tín-ín-rín bí irun wé e, ó sì ju ẹgbẹ̀rún ìgbà lọ. Bí okùn bá ti gbọ̀n, agbára òòfà yẹn á gbọ̀n pẹ̀lú rẹ̀, iná bíńtín á sì ṣàn nínú wáyà náà. Iná bíńtín yìí kò lè mú ohunkóhun dún fúnra rẹ̀. Ẹ̀rọ agbóhùnsókè ló ń gbà á, tó ń sọ ọ́ di ńlá, kó tó tì í jáde lẹ́nu sípíkà. Nítorí náà, ohun méjì ni onijìtá oníná ń ta pa pọ̀: jìtá tó gbé kọ́ ọrùn àti ẹ̀rọ tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Bí èkíní bá dára tí èkejì kò dára, asán ni.

Àwọn ará Amẹ́ríkà ló kọ́kọ́ fi jìtá yìí ta òǹwòran lẹ́nu. Ilé iṣẹ́ Gibson gbé tirẹ̀ jáde lọ́dún 1936. Nígbà tó di 1939, ọ̀dọ́mọkùnrin aláwọ̀ dúdú kan, Charlie Christian, gbé e wọ inú ẹgbẹ́ Benny Goodman, ó sì ń fi dá orin kọ bí ẹni pé fèrè ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Orin irú èyí, tí wọ́n ń pè ní swing, ló gba gbogbo ilé ijó London nígbà tí Bobby wà níbẹ̀.

Ẹ̀rọ agbóhùnsókè ayé ìgbà náà lẹ́jọ́ tirẹ̀. Gílóòbù onígíláàsì ló wà nínú rẹ̀, wọ́n sì gbọ́dọ̀ gbóná kó tó ṣiṣẹ́. Ẹni tó bá tan án tó fẹ́ ta jìtá lójú ẹsẹ̀ yóò dúró bí ẹni tí wọ́n fi ṣẹ̀fẹ̀. Gílóòbù náà kì í fẹ́ ọ̀nà gbágungbàgun. Afẹ́fẹ́ oníyọ̀ tó ń ti ọ̀sà Èkó wá kì í jẹ́ kí okùn irin pẹ́ kó tó dípẹtà, bí ó bá sì ti dípẹtà, ohùn rẹ̀ á kú. Bí wọ́n bá yí ohùn ẹ̀rọ sókè ju bó ṣe yẹ lọ, á máa ha bí ọ̀fun ẹni tí òtútù mú. Gbogbo èyí ni onijìtá gbọ́dọ̀ mọ̀ kó tó mọ orin kan ṣoṣo.

Iná ńkọ́? Èkó ti ní iná mànàmáná láti ọdún 1898, ṣùgbọ́n ìlú tó ní in kò pọ̀, àwọn abúlé kò sì mọ̀ ọ́n rárá. Ẹgbẹ́ tó bá fẹ́ ṣeré níbi tí kò sí iná, yálà kí wọ́n gbé jẹnẹrétọ̀ dání tàbí kí wọ́n padà sórí jìtá àpótí.

Àwọn olórin jùjú náà kò sùn. Àyìndé Bàkàrè, tó ti ń ṣe rẹ́kọ́ọ̀dù fún ilé iṣẹ́ HMV láti ọdún 1937, wá ọgbọ́n tirẹ̀ dá ní 1949. Bánjò kékeré ló ń ta tẹ́lẹ̀. Ó rí máíkì pẹlẹbẹ kan tí wọ́n lè lẹ̀ mọ́ ara ohun èlò orin, ṣùgbọ́n kò rí ibi tí yóò lẹ̀ ẹ́ mọ́ lára bánjò. Ó pa bánjò tì, ó mú jìtá àpótí, ó lẹ máíkì mọ́ ọn lára. Nǹkan kékeré ni lójú, ṣùgbọ́n láti ìgbà tí ohùn jìtá àti ohùn akọrin ti lè ga, àwọn olórin jùjú ráyè kó ìlù púpọ̀ sí i wọlé láìbẹ̀rù pé ìlù yóò bo orin mọ́lẹ̀. Àwọn tó ń jó jùjú níbi òkú ṣíṣe àti ìsọmọlórúkọ, ibẹ̀ ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ̀gbádùn rẹ̀.

Ní ti Bobby, orin òyìnbó àti ti Amẹ́ríkà ni ẹgbẹ́ rẹ̀ kọ́kọ́ ń ṣe, swing, samba àti calypso. Àwọn ọ̀mọ̀wé àti àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ló ń jó o. Ní 1950 ni E.T. Mensah kó ẹgbẹ́ rẹ̀, Tempos, wá láti Gold Coast, èyí tó di Gánà lónìí, ó sì fi highlife han àwọn ará Èkó. Bobby rí i pé orin tí àwọn èèyàn lè fi èdè wọn kọ ló ń bọ̀. Ó yí padà. Taxi Driver ló kọ́kọ́ gbòde jù nínú orin rẹ̀, àwọn àgbà ṣì ń fi í ṣeré títí dòní. Gentleman Bobby náà tẹ̀lé e, bẹ́ẹ̀ ni Niger Mambo. Èyí tó kẹ́yìn yìí tiẹ̀ rìn jìnnà. Randy Weston, ọmọ Amẹ́ríkà tó ń tẹ dùùrù, wá sí Èkó lọ́dún 1961, nígbà tó sì di 1963, ó fi Niger Mambo sínú rẹ́kọ́ọ̀dù tirẹ̀ tó pè ní Highlife.

Ṣùgbọ́n orin nìkan kò sọ irú ẹni tí Bobby jẹ́. Ó mọ ibi tí bàtà ti ń ta olórin lẹ́sẹ̀. Nínú òwò orin Èkó, ẹni tó ni irinṣẹ́ ni ọ̀gá. Ọ̀pọ̀ ọmọ tó ń ta jìtá kò ní jìtá. Ti ọ̀gá ni, ẹ̀rọ agbóhùnsókè sì jẹ́ ti ọ̀gá tàbí ti onílé ijó. Ọjọ́ tí wọ́n bá lé ọmọ náà, ọwọ́ òfìfo ló fi ń lọ sílé. Ọ̀gá pàápàá kò bọ́ tó bá jẹ́ pé ilé onílé ló ti ń ṣeré, torí onílé ló ń ta ọtí, òun ló sì ń gbowó ẹnu ọ̀nà. Bobby kọ́ ilé tirẹ̀. Ìdí nìyẹn tí Caban Bamboo fi ṣe pàtàkì ju ilé ijó lásán lọ. Owó ẹnu ọ̀nà, owó ọtí àti owó orin ń wọ àpò kan náà, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sì mọ ibi tí wọn yóò ti ṣeré lópin ọ̀sẹ̀.

Àwọn tó gba abẹ́ rẹ̀ kọjá kò kéré. Victor Ọláìyá wà níbẹ̀ kó tó dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ ní 1954. Eddy Okonta wà níbẹ̀. Zeal Onyia náà, àti Roy Chicago, ọmọ Ìkàrẹ́ tó mú ìlù gángan wọ inú highlife. Rex Lawson tó wá láti ìhà odò náà kò gbẹ́yìn. Ọláìyá wo àwòkọ́ṣe ọ̀gá rẹ̀ dáadáa, torí òun náà dá Stadium Hotel sílẹ̀ ní Sùúrùlérè nígbà tó yá.

Nígbà tí òmìnira ń bọ̀ ní 1960, ìròyìn kàn pé ìjọba fẹ́ mú Edmundo Ros àti ẹgbẹ́ rẹ̀ wá láti London láti ṣeré níbi ayẹyẹ náà. Inú bí àwọn olórin Nàìjíríà. Wọ́n fẹ̀hónú hàn, Bobby sì wà lára àwọn tó léwájú. Ọ̀rọ̀ owó wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ju owó lọ. Bí ìlú bá ń gba ara rẹ̀ sílẹ̀ lọ́wọ́ òyìnbó, tó tún lọ ń ya olórin lọ́wọ́ òyìnbó láti fi ṣayẹyẹ ọ̀hún, kí ni wọ́n ń jó fún? Wọ́n fún Ọláìyá náà láyè láti ṣeré níbi ayẹyẹ òmìnira ọ̀hún.

Ogun abẹ́lé tó bẹ̀rẹ̀ ní 1967 ló ba nǹkan jẹ́ fún highlife l'Ékòó. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn olórin tó ń fọn fèrè tí wọ́n sì ń ta jìtá ló jẹ́ ọmọ ìlà oòrùn, wọ́n padà sílé. Jùjú gba ìgboro. Rex Lawson rí òpin ogun, ṣùgbọ́n jàǹbá mọ́tò pa á ní oṣù kìíní ọdún 1971 nígbà tó ń lọ ṣeré ní Warri. Iṣẹ́ olórin, ìdajì rẹ̀ orí títì ni.

Bobby kò tẹ̀lé orin tó wà lóde mọ́, hòtẹ́ẹ̀lì rẹ̀ ló gbájú mọ́. Ọmọ rẹ̀, Tony Benson, ti wá di olórin fúnra rẹ̀, ó sì ní ẹgbẹ́ tirẹ̀. Ìlú náà ti yí padà ju bí ẹnikẹ́ni ṣe rò lọ. Ní 1973, Ginger Baker, onílù ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní ilé ìgbohùnsílẹ̀ ní Ìkẹjà, tí kò jìnnà púpọ̀ sí ọ̀nà tí Hotel Bobby wà, Paul McCartney sì gba orin kan sílẹ̀ níbẹ̀ lọ́dún yẹn. Àwọn òyìnbó tó ni jìtá oníná ló wá ń wá ohùn tiwọn kiri ní Ìkẹjà.

Ọjọ́ kẹrìnlá oṣù karùn-ún ọdún 1983 ni Bobby Benson jáde láyé, lẹ́ni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta. Ọdún tó ṣáájú ikú rẹ̀, 1982, ni Sunny Adé gbé rẹ́kọ́ọ̀dù Juju Music jáde fún gbogbo ayé. Jìtá oníná tó wà nínú rẹ̀ kì í ṣe ẹyọ kan tàbí méjì, ọ̀kan tiẹ̀ wà níbẹ̀ tí wọ́n ń tẹ́ sílẹ̀ gbalaja bíi tábìlì, tí wọ́n ń fi irin yọ̀ lórí okùn rẹ̀.