Àjàyí Crowther àti Yorùbá Tí À Ń Kọ

Wọ́n bí Samuel Àjàyí Crowther ní Ọ̀ṣóògùn, nílẹ̀ Ọ̀yọ́, ní nǹkan bí ọdún 1809. Ní 1821 ogun kó ìlú wọn, wọ́n sì kó òun àti ìyá rẹ̀ lẹ́rú. Ọmọ ọdún méjìlá ni nígbà yẹn, ọdún kan péré ló fi jù mí lọ! Wọ́n ń tà á káàkiri títí tó fi dé inú ọkọ̀ àwọn Potogí. Ní oṣù kẹrin 1822, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà wọ́n sílẹ̀, ó gbé wọn lọ sí Freetown.

Ẹ̀gbá wà ní Freetown, Ìjẹ̀ṣà wà níbẹ̀, Ìjẹ̀bú náà wà níbẹ̀. Oníkálukú ń sọ ti ìlú rẹ̀. Láyé ìgbà yẹn, àwọn Ọ̀yọ́ nìkan ni wọ́n sábà máa ń pè ní Yorùbá. Nígbà tí Crowther fẹ́ kọ èdè yìí sílẹ̀, ó ní láti yan èyí tó máa kọ. Ọ̀yọ́ ló fi ṣe ìpìlẹ̀, ìyẹn èdè ilé rẹ̀. Ní 1843 ó tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde, ọdún yẹn náà ló di àlùfáà.

Ní 1846 ó lọ ṣiṣẹ́ ní Abẹ́òkúta, láàárín àwọn Ẹ̀gbá. Ibẹ̀ ló ti tún rí ìyá rẹ̀ lẹ́yìn ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Ó máa ń tẹ́tí sí àwọn àgbà dáadáa, á sì kọ òwe wọn sílẹ̀.

Lójú tèmi, ó gbìyànjú gan-an. Torí ẹ̀ ni ọmọ Ìjẹ̀bú àti èmi ọmọ Èkìtì ṣe lè ka ìwé kan náà ní Rosenberg níbí. Ṣùgbọ́n nǹkan kan ń dùn mí. Tí màmá mi àgbà bá ń bá àwọn àbúrò wọn sọ Èkìtì lórí fóònù, mi ò kì í gbọ́ ọ tán, kò sì sí ìwé kankan nínú báàgì mi tó lè kọ́ mi. Torí náà mo ti ń kọ ọ̀rọ̀ wọn sílẹ̀ bíi ti Crowther: ulé, ugi, ugbá. Ó ti tó ogún báyìí. Tí mo bá ń ṣe iṣẹ́ kíláàsì, ilé àti igi ni màá kọ.

Ní 1864 Crowther di bíṣọ́ọ̀bù, aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ nínú ìjọ Áńgílíkà. Ó kú ní Èkó ní ọjọ́ 31 oṣù kejìlá 1891. Òun àtàwọn tó bá a ṣiṣẹ́ ti parí Bíbélì Yorùbá ní 1884. Màmá àgbà ní Bíbélì Yorùbá. Ilé ló wà nínú rẹ̀, ulé ni wọ́n máa ń kà á.