David Huffman

David Albert Huffman (ọjọ́ 9 oṣù kẹjọ ọdún 1925 – ọjọ́ 7 oṣù kẹwàá ọdún 1999) jẹ́ onímọ̀ kọ̀ǹpútà ọmọ orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Òun ni ó ṣàwárí kóòdù Huffman, ọ̀nà tí a fi ń di ọ̀rọ̀ tàbí àwòrán kí ó lè gba àyè díẹ̀ nínú ẹ̀rọ.

Ìpínlẹ̀ Ohio ni wọ́n bí i sí. Ọmọ ọdún 18 ni nígbà tí ó gba oyè àkọ́kọ́ nínú ìmọ̀ ẹ̀rọ iná mànàmáná ní Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ohio. Ó ṣiṣẹ́ nínú ọmọ ogun ojú omi, níbi tí ó ti ń tọ́jú rédà, kí ó tó padà sí ẹ̀kọ́, tí ó sì dé MIT.

Àpilẹ̀kọ ọdún 1951

Ní ọdún 1951, olùkọ́ rẹ̀, Robert Fano, ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yan ọ̀kan: ìdánwò àṣekágbá, tàbí àpilẹ̀kọ lórí bí a ṣe lè fi 0 àti 1 tí ó kéré jù lọ kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Huffman yan àpilẹ̀kọ. Kò mọ̀ pé Fano fúnra rẹ̀ àti Claude Shannon, àgbà nínú ìmọ̀ náà, ti wá ìdáhùn yìí títí láìrí i. Ó fi oṣù mélòó kan jà á. Ó ti fẹ́ da ìwé iṣẹ́ rẹ̀ nù kí ó lọ kàwé fún ìdánwò kí ojútùú tó yé e. Òkè ni àwọn àgbà ti ń pín àwọn lẹ́tà wá sísàlẹ̀. Ìsàlẹ̀ ni Huffman ti bẹ̀rẹ̀, ó ń so méjì tí ó ṣọ̀wọ́n jù lọ pọ̀ títí gbogbo wọn fi di ọ̀kan.

Orúkọ ìlú Lánlátẹ̀ ní Ìbàràpá, Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, lè ṣe àpẹẹrẹ. Tí a bá kọ ọ́ láìsí àmì kankan, LANLATE, L àti A jẹyọ lẹ́ẹ̀mejì. N, T àti E lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Bí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan bá gba àmì mẹ́ta, orúkọ náà yóò gba 21. Lọ́nà ti Huffman, L lè di 00, A 01, N 10, T 110, E 111. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 16. Kò sí kóòdù tí ó bẹ̀rẹ̀ òmíràn, nítorí náà ẹ̀rọ lè tú wọn láìsí àlàfo láàárín wọn.

Ìlò nínú ẹ̀rọ kékeré

Ibi tí àyè ti há ni èrè rẹ̀ ti ń hàn. Ẹ̀rọ ìṣirò HP 48G, tí ó jáde ní ọdún 1993, ní kílóbáìtì 32 péré fún ohun tí ẹni tí ó ni ín fẹ́ fi pamọ́. Ẹni tí ó bá fẹ́ fi ètò ńlá síbẹ̀ lè kọ ọ́ kí ó máa tú ara rẹ̀: apá kékeré kan tí ó mọ títú yóò ṣáájú, yóò tú ìyókù sílẹ̀, yóò sì fi iṣẹ́ lé e lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n apá tí ń túni yìí náà ń gba àyè, àtòjọ kóòdù pẹ̀lú. Fún LANLATE nìkan, àtòjọ náà yóò gùn ju orúkọ fúnra rẹ̀ lọ. Ètò gígùn ni ó ń jèrè. Bákan náà, ẹrù tí a dì àti èyí tí a tú gbọ́dọ̀ lè gba inú ẹ̀rọ pọ̀, àfi bí a bá ń tú u díẹ̀díẹ̀.

Huffman tẹ àwárí rẹ̀ jáde ní ọdún 1952. Ó kọ́ni ní MIT títí di 1967, ó sì lọ sí Yunifásítì California ní Santa Cruz, níbi tí ó ti wà lára àwọn tí ó dá ẹ̀ka ìmọ̀ kọ̀ǹpútà sílẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ wà nínú fáìlì ZIP àti àwòrán JPEG, ṣùgbọ́n kò gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí rẹ̀. Ohun tí ó kọ́kọ́ rí gbà níbẹ̀ ni pé kò ṣe ìdánwò. Ní ọjọ́ ogbó rẹ̀, ó fẹ́ràn láti máa ṣe ìṣirò bí a ṣe ń ká bébà sí ìrísí oríṣiríṣi. Àrùn jẹjẹrẹ ni ó pa á.